Òwú Inú Táyà: Ìtàn Báyáàsì àti Rédíà Lábẹ́ Ẹrù

Bí a bá wo táyà lábẹ́ ọkọ̀, rọ́bà dúdú nìkan ni ojú wa máa ń rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe rọ́bà ni ó ń ru ẹrù. Afẹ́fẹ́ tí a fún sínú táyà ni ó ń ru ẹrù, òwú tí a tẹ́ sínú rọ́bà ni ó sì ń di afẹ́fẹ́ náà mú kí ó má bàa tú táyà ká. Rọ́bà kàn bo òwú náà lára ni, bí awọ ti í bo iṣan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin táyà kan àti èkejì, òwú inú rẹ̀ ni kí ó wádìí. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn tí ń ṣe táyà ń gbà tẹ́ òwú yìí. Wọ́n ń pe èkíní ní báyáàsì, wọ́n sì ń pe èkejì ní rédíà. Bí ọ̀nà méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀, bí èkejì ṣe gba ipò mọ́ èkíní lọ́wọ́, àti ìdí tí èkíní kò fi tíì kú tán lábẹ́ tírélà akẹ́rù, ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ là yé ara wa. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹnìkan bá dárúkọ tírélà, ọkọ̀ gbàǹgbà tí í kó sìmẹ́ǹtì láti Ewékorò tàbí màlúù láti Òkè Ọya ni ó ń wá sí wa lọ́kàn, àtorí àtìrù rẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a ti yá ọ̀rọ̀ náà, ohunkóhun tí kò ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, tí ọkọ̀ mìíràn ń wọ́ tẹ̀ lé ẹ̀yìn ara rẹ̀, tírélà ni. Èyí kékeré tí ọkọ̀ ilé ń fà ní Amẹ́ríkà, tí kò ju ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́rin lọ, tírélà ni. Èyí tí ó gùn bí ilé onígbọ̀ngàn, tírélà náà ni. Ohun tí ó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé táyà abẹ́ wọn kì í ti ọkọ̀ lọ síwájú, kì í sì í darí ọkọ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n ru ẹrù, kí wọ́n sì máa tẹ̀ lé aṣíwájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa yóò padà sí.

Ìtàn táyà kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ní 1839 ni Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́ tí a sì fi iná sí i, rọ́bà náà kò ní máa yọ́ nínú ooru mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní máa gan nínú òtútù. Ní 1845, Robert William Thomson, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí táyà oníafẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ayé kò tíì ṣe tán láti lò ó; ẹṣin ni ó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù nígbà náà. Ọgbọ́n náà sùn fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, títí John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹranko ní ìlú Belfast, fi ṣe irú táyà bẹ́ẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀ ní 1887. Ní 1895, André àti Édouard Michelin, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ará ilẹ̀ Faransé, gbé ọkọ̀ tí ó wọ táyà oníafẹ́fẹ́ lọ sí ìdíje ìsáré láti Paris dé Bordeaux, àlọ àti àbọ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá pàápàá ní ìpín nínú ìbẹ̀rẹ̀ yìí. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ológeere gba ìlú kan láàrin 1890 sí 1900, tí gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù ń wá rọ́bà kiri, àwọn ènìyàn wọ inú igbó wa lọ láti kọ igi ìrẹ́ lára kí wọ́n lè gba oje rẹ̀. Ní 1895, rọ́bà tí ó gba èbúté Èkó jáde ju mílíọ̀nù 5 pọ́ùn lọ ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ àwọn igi náà ju bí ara wọn ti lè gbà lọ. Igi kú rẹpẹtẹ, òwò náà sì wọmi kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò jìnnà sí ti òwú inú táyà: ohun tí ó bá ń gbé wa ró ní ìwọ̀n ẹrù tí agbára rẹ̀ mọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá wọ inú táyà náà wàyí. Aṣọ híhun ni àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe táyà fi sínú rọ́bà, irú aṣọ líle tí a fi ń ṣe àgọ́. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú aṣọ òfì, òwú òòró ń gba orí òwú ìbú kọjá, ó sì tún ń gba abẹ́ rẹ̀. Híhá tí wọ́n há ara wọn mọ́ra yìí ni ẹwà aṣọ òfì, òun kan náà ni ó sì pa táyà ìgbà náà. Ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá yí, òwú a máa ha òwú ní ibi tí wọ́n ti pàdé, títí wọn yóò fi gé ara wọn. Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣẹ́ táyà pa híhun tì. Wọ́n tẹ́ òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìhun wọ́n, wọ́n fi rọ́bà bò ó, wọ́n sì gé e kí ó dagun sí apá kan. Wọ́n wá tẹ́ ìpele mìíràn lé e lórí, kí ó dagun sí apá kejì, tí òwú ìpele méjèèjì fi dábùú ara wọn. Rọ́bà wà láàrin wọn kí òwú má bàa fara kan òwú. Èyí gan-an ni báyáàsì.

Kò sí irọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ ọgbọ́n ni báyáàsì. Ìpele òwú méjì, mẹ́rin, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ti etí kan táyà dé etí kejì, gbogbo wọn ni ó sì para pọ̀ di ojú tí ó ń tẹlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ tí ó dúró. Nítorí náà ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi yi, tí òkúta kò tètè gún un, tí kò sì tètè mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ bí ẹrù bá ga lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìparapọ̀ yìí kan náà ni àbùkù rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ bá tẹ̀, ojú táyà náà gbọ́dọ̀ bá a ṣí nípò, nítorí òwú kan náà ni ó so wọ́n pọ̀. Àwọn òwú tí ó dábùú ara wọn a máa pa dé, wọn a sì máa ṣí bí àlùmọ́gàjí, ìpele a máa ha ìpele, ooru a sì máa mú. Bí eré bá pọ̀ tí ọ̀nà sì jìn, ooru yìí ni í pa táyà báyáàsì, kì í ṣe jíjẹ tí ilẹ̀ ń jẹ ẹ́.

Ó lè ya yín lẹ́nu pé ọgbọ́n rédíà kì í ṣe ọgbọ́n àná. Ní ọdún 1913 sí 1915 ni Gray àti Sloper ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Arthur Savage ní Amẹ́ríkà, ti ronú kan táyà tí òwú rẹ̀ kò ní dagun mọ́, tí yóò nà tààrà láti etí kan dé etí kejì bí egungun ìhà, tí a ó sì wá fi ọ̀já yí i ká lábẹ́ ojú tí ó ń tẹlẹ̀. Wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó fi í ṣe táyà tí ó tà káàkiri. Kí ni ó fà á? Ọ̀nà ìgbà náà burú, ọkọ̀ kò sì lè sá eré púpọ̀, báyáàsì sì ń ṣe iṣẹ́ tí a bẹ̀ ẹ́. Ohun kejì ni pé ọ̀já tí a ń sọ yìí gbọ́dọ̀ le, kò sì gbọdọ̀ nà. Irin tínínrín ni ó yẹ ẹ́ jù lọ, bẹ́ẹ̀ rọ́bà kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ irin. Ìgbà tí Michelin yanjú ìṣòro yìí, tí ó sì gbé táyà olówùú irin jáde fún ọkọ̀ akẹ́rù ní 1937, ni ọ̀nà tó là fún rédíà.

Ẹni tí ó la ọ̀nà náà já ni Marius Mignol, òṣìṣẹ́ Michelin tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sí ẹ̀ka ìtẹ̀wé. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: níbo ni ooru inú táyà ti ń wá? Láti mọ ìdáhùn, ó ṣe táyà àdánwò kan tí kò fi òwú dídábùú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rárá, wáyà tí ó jìnnà sí ara wọn nìkan ni ó nà sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí táyà náà fi dà bí àgò tí a ń sé eṣinṣin mọ́. Ooru rẹ̀ lọ sílẹ̀ gidigidi. Michelin gba ìwé àṣẹ lórí rédíà olójàá irin ní 1946, ó gbé e lọ sọ́jà pẹ̀lú orúkọ X ní 1949, ó sì ṣe ti ọkọ̀ akẹ́rù ní 1952. Ẹ kíyè sí i pé láti nǹkan bí ọdún 1935 ni Citroën, ilé iṣẹ́ ọkọ̀, ti wà lábẹ́ àṣẹ Michelin. Ẹni tí ó ń ṣe táyà náà ni ó ní ọkọ̀ tí yóò wọ̀ ọ́. Kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kí ó tún ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe nítorí táyà tuntun.

Kí ni ọ̀já náà ṣe tí ó fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Bí ìyálọ́mọ ti í fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn kí ó má bàa yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀já irin ń gbá ojú táyà rédíà mú kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà lè tẹ̀ bí ó bá ti wù ú, ojú rẹ̀ kò ní bá a ṣí. Olúkúlùkù ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìdí ara wọn lọ́wọ́. Nítorí náà ni rédíà kì í fi í tètè gbóná, tí ó ń pẹ́ lẹ́sẹ̀ ju báyáàsì lọ, tí kì í sì í jẹ́ kí epo ọkọ̀ tètè tán.

Ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio ni olú ìlú àwọn oníṣẹ́ táyà. Ibẹ̀ ni Goodyear, Firestone, Goodrich àti General wà. Wọ́n mọ̀ nípa rédíà, ṣùgbọ́n wọ́n ní owó rẹpẹtẹ lórí ẹ̀rọ tí ń ṣe báyáàsì, ẹ̀rọ náà kò sì lè ṣe rédíà bí ó ti yẹ. Táyà tí ó ń pẹ́ lẹ́sẹ̀ kò sì jẹ́ kí oníbàárà tètè padà wá rà. Ní 1967, Goodyear gbé àgbélẹ̀rọ kan jáde, èyíinì ni báyáàsì tí a fi ọ̀já kún, tí ẹ̀rọ àtijọ́ lè ṣe. Ọgbọ́n bí a ó ti jẹ tuntun láìfi àtijọ́ sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní 1968, ìwé ìròyìn Consumer Reports fi yé àwọn oníbàárà pé rédíà ló dára jù. Ní 1970, Ford fi rédíà Michelin sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ Lincoln Continental Mark III. Nígbà tí epo sì wọ́n ní 1973, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tí kò bá yí padà, ọjà yóò yí i dànù.

Ìkánjú ni ó wá kàn. Firestone sáré ṣe rédíà tí ó pè ní 500. Rọ́bà kò di ọ̀já irin rẹ̀ mú dáadáa, ojú táyà sì ń ṣí kúrò lára lórí eré. Ènìyàn kú. Ní 1978, ilé iṣẹ́ náà ní láti gba táyà tí ó ju mílíọ̀nù 10 lọ padà lọ́wọ́ àwọn tí ó rà á. Ní 1988, Bridgestone ti ilẹ̀ Japan ra Firestone. Kì í ṣe pé rédíà burú ni ó pa Firestone lára. Fífi ọwọ́ àtijọ́ ṣe iṣẹ́ tuntun ni, pẹ̀lú ìkánjú ẹni tí ó ti kọ́kọ́ fi ìgbà ṣòfò.

Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, tí rédíà ti borí lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ilé àti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, èéṣe tí a ṣì fi ń rí báyáàsì lábẹ́ tírélà kékeré? Ìtàn tírélà náà ni yóò dáhùn. Ní 1914, ní ìlú Detroit, August Fruehauf, alágbẹ̀dẹ, ṣe ohun ìfàkiri kan sí ẹ̀yìn ọkọ̀ Ford fún oníṣòwò pákó kan tí ó fẹ́ gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Láti ìdí èyí ni àwọn tírélà ńlá ti wá. Ní 1945, lẹ́yìn ogun, Leonard Shoen àti aya rẹ̀ dá U-Haul sílẹ̀, tí wọ́n ń fi tírélà yá àwọn tí ó ń kó láti ìlú kan lọ sí òmíràn. Láti ìgbà náà ni tírélà ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè so mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Irú tírélà bẹ́ẹ̀ lè dúró sójú kan fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n wá di ẹrù ńlá lé e lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ọkọ̀ sì yà bìrí, ilẹ̀ a máa wọ́ àwọn táyà rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ líle báyáàsì fara da irú ìyà yìí, kì í jẹ́ kí ẹrù gíga máa fì, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Nítorí ìdí wọ̀nyí ni kò fi kú.

Ṣùgbọ́n rédíà náà kò jókòó sójú kan. Wọ́n ti ń ṣe èyí tí ó jẹ́ ti tírélà nìkan, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yi ju ti ọkọ̀ ilé lọ. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà ST ni a fi ń mọ táyà tírélà, bá a ṣe tẹ́ òwú rẹ̀ sì wà nínú iye tí a kọ sí i lára. ST205/75R15 ni rédíà. ST205/75D15 ni báyáàsì. Bí kò bá sí lẹ́tà rárá, tí ó jẹ́ ìlà kékeré bí i 9.00-20, báyáàsì náà ni. Ẹni tí ó lè ka ìwé lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ òwú tí ojú rẹ̀ kò rí.

Èwo wá ni kí ènìyàn yàn? Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹni tí tírélà rẹ̀ ń rin ọ̀nà jíjìn, ọ̀nà ọ̀dà, nínú ooru, pẹ̀lú eré, rédíà ni kí ó yàn, nítorí ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé igi ìdáná tàbí òkúta láti oko dé ilé, ní ọ̀nà kúkurú tí ó kún fún kùkùté, tí kò sì sá eré, báyáàsì lè tó o, yóò sì dín owó kù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe da méjèèjì pọ̀ sórí tírélà kan, nítorí bí ọ̀kan ti ń tẹ̀ kọ́ ni èkejì ń tẹ̀. Bí a bá sì fi táyà ọkọ̀ ilé sábẹ́ tírélà, ìlànà Amẹ́ríkà ni pé kí á fi 1.1 pín ìwọ̀n ẹrù tí a kọ sí i lára. Bí ó bá jẹ́ 1,100 pọ́ùn ni a kọ, 1,000 ni kí á dì lé e.

Ohun méjì wà tí ó ju yíyàn náà lọ pàápàá. Èkíní ni afẹ́fẹ́. A ti sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ni ó ń ru ẹrù. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, òwú a tẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ooru a mú, ìbáà ṣe báyáàsì, ìbáà ṣe rédíà. Àárọ̀ kùtù, kí táyà tó gbóná, ni kí á wọ̀n ọ́n. Èkejì ni ọjọ́ orí. Táyà tírélà a máa gbó kí ojú rẹ̀ tó jẹ, nítorí oòrùn ń pa á níbi tí ó dúró sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn nínú àmì DOT tí ó wà lára rẹ̀ ni ó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún nínú ọdún 2019.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Lẹ́yìn òmìnira wa ní 1960, Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, Michelin sì ń ṣe é ní Port Harcourt. Michelin ti ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní 2007. Kò pẹ́ púpọ̀ sí i, Dunlop náà dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà, táyà òkèèrè ni a gbójú lé, tuntun àti tòkunbọ̀. Táyà tòkunbọ̀ lè dán bí bàtà ìyàwó, kí òwú inú rẹ̀ sì ti jẹrà. Bí ó bá bẹ́ lábẹ́ tírélà lójú ọ̀nà márosẹ̀ láti Èkó sí Ìbàdàn, kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni yóò kàn; àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn tí ó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà, gbogbo wọn ni.

Ní àkótán, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìtàn òwú inú táyà fi hàn wá pé ohun tuntun kì í borí nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Rédíà dúró fún ọgbọ̀n ọdún títí irin, ọ̀nà àti ọkọ̀ fi ṣe tán. Akron sì sọ adé rẹ̀ nù nítorí pé ẹ̀rọ tí ó ti ra ni ó ń wò, kò wo ẹrù tí táyà fẹ́ rù. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè wa, nídìí táyà àti nídìí ohun gbogbo tí a ń rà fún iṣẹ́, máa jẹ́ ọ̀kan náà: irú ẹrù wo ni, irú ọ̀nà wo ni, ta sì ni yóò fara gbá a bí ó bá já?